Awọ Tí Wọ́n Tẹ́ Sórí Ẹran Tó Ti Kú

Ọkùnrin kan ń bẹ ní ilé ìwòsàn ńlá kan, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa gbin awọ ara ènìyàn. Kì í ṣe dókítà tó ń gbé ọ̀bẹ. Yàrá kékeré kan ni wọ́n fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí iná jó. Yàrá náà mọ́ débi pé ẹni tó bá fẹ́ wọlé yóò kọ́kọ́ bọ́ bàtà, yóò fọ ọwọ́ dé ìgúnpá, yóò sì fi aṣọ bo imú. Bí iná bá jó ènìyàn kọjá ohun tí awọ lè fúnra rẹ̀ wò sàn, wọn a gé awọ díẹ̀ níbi tí iná kò dé lára onítọ̀hún. Kì í tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Ọkùnrin yìí ni wọ́n máa ń gbé e wá fún.

Yóò fi oògùn tú u sí wẹ́wẹ́ títí yóò fi di àwọn hóró tín-tìn-tín tí ojú lásán kò lè rí, èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní sẹ́ẹ̀lì. Yóò dà wọ́n sínú àwo pẹlẹbẹ, yóò bu omi oúnjẹ lé wọn lórí, omi tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí sóbò tí a bomi là. Lẹ́yìn náà, yóò gbé wọn sínú àpótí kan tó móoru bí inú ara ènìyàn ṣe móoru. Níbẹ̀ ni wọn yóò ti máa pín, ọ̀kan á di méjì, méjì á di mẹ́rin, wọ́n á máa tẹ́ lọ títí wọ́n á fi kún àwo, tí wọ́n á so mọ́ra, tí wọ́n á sì di awọ. Awọ náà á fẹ́lẹ́ ju èèpo inú àlùbọ́sà lọ.

Iṣẹ́ náà dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ó le ní ṣíṣe. Ohun tó wà nínú àwo yẹn ń jẹun, inú oúnjẹ rẹ̀ náà ló sì ń yàgbẹ́ sí. Bí omi náà bá ti kúrò ní pupa tó di ìyeyè, ó ti bàjẹ́ nìyẹn, àfi kí a dà á nù kí a bu òmíràn. Kò sí ọjọ́ Àìkú fún un, kò sí Kérésìmesì. Nígbà tí àbúrò rẹ̀ ń sọ ọmọ lórúkọ, ìdí àwo ló wà. Bí iná bá lọ, tí jẹnẹrétọ̀ kò sì tètè dáhùn, àyà rẹ̀ a máa já, nítorí bí àpótí náà bá tutù jù, gbogbo ohun tó ti ń tọ́ láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan yóò kú. Nígbà mìíràn, ìdọ̀tí tí kò tó orí abẹ́rẹ́ á bọ́ sínú àwo kan. Bí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, gbogbo rẹ̀ á ti rà, á sì tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ó ti rẹ̀ ọ́, àbúrò mi, o sì ń retí kí n dé orí ọ̀rọ̀ tí o bá wá. Fara balẹ̀. Ọkùnrin tí mò ń sọ yìí náà, ó ti rẹ̀ ẹ́.

Ní ọdún kan, wọ́n gbé obìnrin olùkọ́ kan wá síbẹ̀. Fadérera ni orúkọ rẹ̀, àwọn ọmọ kékeré ló ń kọ́ ní ìwé. Kẹrosíìnì tí wọ́n ti fi pẹtiróòlù lú ni wọ́n tà fún un. Ó ṣá iná sí sítóòfù, sítóòfù bú gbàù. Iná jó o láyà, ó jó apá rẹ̀ òsì, ó jó itan rẹ̀ méjèèjì dé orúnkún. Ọlọ́run kò jẹ́ kó dé ojú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló dúró tì í, obìnrin àgbà kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tó tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ọmọ rẹ̀, tí kò sì kúrò níbẹ̀.

Dókítà tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ náà jẹ́ obìnrin, ọwọ́ rẹ̀ yá, kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ó gé awọ díẹ̀ lẹ́yìn etí Fadérera, ó gbé e fún ọkùnrin náà.

Ó ní, "Máa gbin tìrẹ. Èmi náà á máa tọ́jú ibi tí a ó tẹ́ ẹ sí."

Ohun tó ń sọ ni pé ẹran tí iná bá ti pa kì í kúrò lára fúnra rẹ̀ bọ̀rọ̀. Yóò wà níbẹ̀, yóò dúdú, yóò le bí awọ bàtà, tàbí kó funfun kó sì rọ̀ bẹ̀tẹ̀. Àfi kí a máa gé e díẹ̀díẹ̀, kí a máa fọ̀ ọ́, títí ọwọ́ yóò fi kan ẹran pupa tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Awọ tí wọ́n gbìn nínú àwo kò ní ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀. Ohun tí wọ́n bá tẹ́ ẹ lé lórí ni yóò máa bọ́ ọ. Bí ó bá bá ẹran tó wà láàyè pàdé, yóò mu nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, yóò lẹ̀, yóò sì gbé níbẹ̀. Bí ó bá bá ẹran tó ti kú pàdé, kò sí ohun tí yóò mu.

Òwúrọ̀ ni wọ́n máa ń fọ Fadérera, ògiri kan ṣoṣo ló sì wà láàárín ibẹ̀ àti yàrá ọkùnrin yìí. Wọ́n ń fún un ní abẹ́rẹ́ tó ń pa ìrora, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò le débi tí wọ́n á fi máa fi oògùn kùn ún lóorun lójoojúmọ́. Ó ń pariwo. Níbẹ̀rẹ̀, ìyá rẹ̀ ló ń ké pè. Nígbà tó yá, kò ké pe ẹnikẹ́ni mọ́, igbe lásán ni. Bí igbe yẹn bá ti dún, ọwọ́ ọkùnrin náà á dúró lórí àwo. Kò ní lè fa omi, kò ní lè da omi. Ó wá di pé, bó bá ti gbọ́ ìró kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń ti aláìsàn lọ síbẹ̀, á bọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, á lọ ra ẹ̀pà lẹ́nu géètì. Kì í jẹ ẹ̀pà náà. Ó kún àpò rẹ̀.

Báyìí ni ọ̀sẹ̀ ń gun orí ọ̀sẹ̀, títí àwọn àwo fi kún. Awọ náà tẹ́ sínú wọn, ó ń dán. Ọkùnrin náà wò ó, inú rẹ̀ dùn díẹ̀, àmọ́ oorun ló ń kùn ún jù.

Dókítà dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ́jọ́ náà, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ aláìsàn tán.

"Awọ wa ńkọ́?"

"Ó ti tó, mà."

"Èmi ni mi ò tíì ṣe tán. Itan ọ̀tún àti apá ti mọ́. Itan òsì àti àyà kò tíì mọ́ bó ṣe yẹ. Ṣé ó lè dúró dè mí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀?"

Ó lè dúró. Ọkùnrin náà mọ̀. Bí ó bá pín wọn sínú àwo mìíràn, tó ń bọ́ wọn, tó ń ṣọ́ wọn, wọ́n á dúró dè é. Ṣùgbọ́n igbe òwúrọ̀ ọjọ́ náà kò tíì kúrò létí rẹ̀. Egungun ẹ̀yìn ń dùn ún. Ó rò ó pé ọ̀sẹ̀ kan sí i ni wọ́n tún fẹ́ fi gé ọmọ ọlọ́mọ yìí, ọ̀sẹ̀ kan sí i ni òun náà tún fẹ́ fi ra ẹ̀pà.

Ó ní, "Kò lè dúró, mà. Bí a kò bá lò ó lọ́la, yóò bàjẹ́."

Dókítà wò ó. Wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́ pẹ́, kò sì rí i kó purọ́ rí. Ó mí kanlẹ̀. "Ó dáa. A ó tẹ́ ẹ lọ́la."

Wọ́n tẹ́ ẹ lọ́jọ́ kejì lóòótọ́. Ó tẹ́ rẹ́rẹ́ lórí itan, ó tẹ́ rẹ́rẹ́ láyà, ẹni tó bá rí i á rò pé ó ti parí. Wọ́n fi báńdéèjì dì í. Kò sí fífọ̀ mọ́, kò sí gígé. Fadérera sùn wọra, ó jí, ó béèrè ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, ó sì jẹ ẹ́ tán. Gbogbo wọ́ọ̀dù ló ń yọ̀. Ìyá rẹ̀ pàdé ọkùnrin náà lójú ọ̀nà, ó kúnlẹ̀ fún un, àgbà obìnrin tó tó bí i lọ́mọ.

Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ gba ọmọ mi lọ́wọ́ ìrora. Ẹ ò ní rí ìbànújẹ́ ọmọ."

Ọkùnrin náà fà á dìde. Ó lọ kí àbúrò rẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi, ó gbé ọmọ tuntun náà jó, ó sùn dọ́sàn-án. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé àánú ni òun ṣe. Bóyá òótọ́ ni. Ẹni tó ti rẹ̀ kì í tètè dá àánú mọ̀ yàtọ̀ sí àárẹ̀ tirẹ̀.

Nígbà tó tó àsìkò láti tú báńdéèjì, itan ọ̀tún dára, apá náà dára. Awọ ti lẹ̀ mọ́ ọn, ó ti ń pọ́n. Nígbà tí wọ́n dé itan òsì, báńdéèjì ń bọ̀, awọ ń tẹ̀lé e bí ìwé tó ti rẹ sómi. Àyà náà rí bẹ́ẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ ti rà, ó ń rùn. Nítorí pé wọ́n ti bò ó, kò sẹ́ni tó rí i bó ti ń jẹ wọlé. Kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ara Fadérera ti gbóná janjan, kò mọ ìyá rẹ̀ mọ́. Wọ́n sáré gbé e padà lọ sórí tábìlì iṣẹ́ abẹ, ohun tí wọ́n sì gé lọ́jọ́ náà ju ohun tó ṣẹ́ kù tẹ́lẹ̀ lọ fíìfíì. Fún ọjọ́ púpọ̀, wọn kò mọ̀ bóyá yóò là á.

Dókítà wá bá ọkùnrin náà ní yàrá rẹ̀. Ó jókòó sórí àga, ó bọ́ fìlà iṣẹ́ abẹ kúrò lórí.

"Mi ò mọ ohun tó fà á," ó ní. "Àbí awọ náà ni kò dára?"

Bí ọkùnrin náà bá sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ tán nìyẹn. Awọ a máa bàjẹ́ nígbà mìíràn, kò sẹ́ni tí yóò bi í sí i. Ọkùnrin náà gbé àwo tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

"Awọ náà dára, mà. Ó lè dúró nígbà tí ẹ béèrè. Mo purọ́ fún yín ni."

"Kí ló dé?"

"Igbe rẹ̀. Ó sì ti rẹ̀ mí."

Dókítà kò pariwo mọ́ ọn. Ì bá sàn kó pariwo. Ó kàn jókòó, ó ń fi fìlà náà nu ọwọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

"Ó rẹ gbogbo wa," ló wí níkẹyìn. "Bí ó bá jí, ìwọ ni yóò sọ fún un. Mi ò ní bá ọ sọ ọ́."

Ara Fadérera rọlẹ̀, ó jí. Ọkùnrin náà lọ bá a. Ìyá rẹ̀ wà lórí ẹní. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá náà, ó wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí. Kò fi nǹkan kan bò. Nígbà tó sọ ọ́ tán, ìyá náà dìde, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó bá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá síta.

Fadérera ń wo òkè àjà. Ohùn rẹ̀ ti há.

"Ẹ máa ń gbọ́ igbe mi?"

"Mo máa ń gbọ́."

"Ẹ jókòó sẹ́yìn ògiri, ẹ bá mi pinnu pé ó tó. Ẹ ò wá bi mí bóyá ó tó."

"Mi ò wá."

"Ká ní ẹ wá ni, ǹ bá sọ fún yín pé mo lè fara dà á. Mò ń pariwo ni. Mi ò sọ pé kí wọ́n dá a dúró."

Obìnrin náà pa ojú dé. Lẹ́yìn náà ló tún sọ̀rọ̀.

"Ẹ tún gé awọ mìíràn. Ẹ tún un gbìn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá ń fọ̀ mí, ẹ ò ní sí lẹ́yìn ògiri. Inú yàrá yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ wà."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ọkùnrin náà á fọ ọwọ́, á dúró níbi orí rẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bí igbe ti sọ, ó yí ojú sápá kan. Fadérera fa aṣọ ọkùnrin náà wálẹ̀. "Ẹ wò mí," ló wí, ó sì ń pariwo lọ. Ó wò ó. Omi ń dà lójú òun náà, ṣùgbọ́n ó wò ó. Lọ́jọ́ kan, dókítà fi ọ̀bẹ kan ibì kan láyà rẹ̀, kò ṣẹ̀jẹ̀, Fadérera kò sì mira rárá. Dókítà gé ibẹ̀ dànù. Nígbà tí ọ̀bẹ kan ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, ẹ̀jẹ̀ yọ, Fadérera figbe ta, dókítà sì sọ pé, "Ó dáa. Ibí yìí wà láàyè." Ọkùnrin náà ti ń gbin awọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò fi ojú ara rẹ̀ rí èyí rí. Kò mọ̀ pé láàárín igbe yẹn náà ni wọ́n ti ń wá ìyè kiri.

Awọ ẹlẹ́ẹ̀kejì kò yára. Ó ti rẹ ara tí wọ́n ti gé e, àwọn sẹ́ẹ̀lì náà ń lọ́ra. Nígbà tí wọ́n fi máa kún, iná lọ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, jẹnẹrétọ̀ kọ̀, ìdajì àwo tutù, wọ́n sì kú. Ọkùnrin náà da wọ́n nù, ó fọ àwo, ó tún bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó kù. Àárẹ̀ rẹ̀ kò dín. Bí mo bá sọ fún ọ pé ó dín, irọ́ ni mo pa.

Dókítà tún dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. "Ó kù mí díẹ̀. Ṣé ó lè dúró?"

"Ó lè dúró, mà."

Ó sì ṣe é kó dúró. Nígbà tí àyà àti itan náà pupa délẹ̀, tí kò sí dúdú kankan níbẹ̀ mọ́, wọ́n bi Fadérera, ó ní kí wọ́n tẹ́ ẹ, wọ́n sì tẹ́ ẹ. Lọ́tẹ̀ yìí, ó lẹ̀. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Ibì kan láyà kọ̀, ó fi àpá tó sún kì sílẹ̀, apá òsì rẹ̀ náà kò nà tán mọ́ títí dòní. Ṣùgbọ́n ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde, ó padà sí kíláàsì rẹ̀, ó ń wọ aṣọ alápá gígùn. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ sílé, ìyá rẹ̀ kò kúnlẹ̀ fún ọkùnrin náà, kò sì ṣàdúrà fún un. Ó ní, "Ẹ ṣé," ó gbé ẹrù rẹ̀ karí. Ọkùnrin náà mọ̀ pé ìyẹn náà pọ̀.

Àbúrò mi, ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ obìnrin lo bá wá lónìí. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ ń lù ú, tó sá wá sílé rẹ, ìwọ lo fi mọ́tò gbé e padà. Ó ti kúrò lọ́hùn-ún fúnra rẹ̀ báyìí, kò sì bá ọ sọ̀rọ̀ mọ́. O ti rán ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sí i, o ti rán pásítọ̀ sí i, o ti kó iṣu ránṣẹ́. Ohun tí o fẹ́ kí n ṣe ni kí n bá ọ pè é wá síbi ọjọ́ ìbí rẹ, kí ẹ dì mọ́ra, kí wọ́n ya yín ní fọ́tò, kí ọ̀rọ̀ tán. O ní ó ti rẹ̀ ọ́, o fẹ́ fi ojú kan ọmọ rẹ kí o tó kú. Mo gbà ọ́ gbọ́.

Ṣùgbọ́n ìwọ náà lo sọ fún mi pé ó wá bá ọ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn ìsìnkú ìyá rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí nílé ọkùnrin yẹn. Ohùn rẹ̀ lọ sókè. O sọ fún un pé ó tó, pé kó má tún hú u jáde mọ́, pé Ọlọ́run ti bá yín ṣe é. O rò pé o ń wá àlàáfíà. O bò ó ni. Ohun tí o bò ló ń rùn láti ìgbà yẹn.

Mi ò ní bá ọ pè é, mi ò sì ní bá ọ dé ibẹ̀. Lọ fúnra rẹ. Má gbé iṣu dání. Bí o bá débẹ̀, fi ẹnu ara rẹ sọ ohun tí o ṣe, má sì fi "ṣùgbọ́n" kankan kún un. Lẹ́yìn náà, dákẹ́, kí o jẹ́ kó sọ tirẹ̀. Ó lè má parí rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ó lè sọ ohun tí yóò wọ̀ ọ́ lára dé egungun. Mi ò ṣèlérí pé gbogbo rẹ̀ yóò lẹ̀. Apá ibì kan lè kọ̀, ẹ ó sì jọ máa gbé pẹ̀lú àpá ibẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá pariwo mọ́ ọ, mọ̀ pé ohun kan ṣì wà láàyè níbẹ̀. Wò ó lójú, àbúrò mi. Má dìde.